Owó Ọ̀yà Alágbàṣe: Ta ni Òfin Owó-Oṣù Ń Bá Wí?



Ọ̀rọ̀ owó ọ̀yà ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ tòní. Kò sí ilé kan ní Ajégúnlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń gba Boundary kọjá ní ìdájí lọ sí Àpápá, àwọn kan sí ilé-iṣẹ́ tí ń lọ ìyẹ̀fun, àwọn kan sí ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù inú kọ̀ntínà, àwọn kan sí ọ́fíìsì àwọn tí ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lu òfin ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2024, tí owó-oṣù tó kéré jù lọ fi di náírà 70,000, inú gbogbo wa dùn. Ìpínlẹ̀ Èkó tún sọ pé náírà 85,000 ni òun yóò san fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí àwọn ọmọ kéwú wa tí ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá ń bi wá láti ìgbà náà kò yí padà: "Àfáà, àwọn wo gan-an ni wọ́n ń san owó yìí fún?"

Ìbéèrè náà dára. Ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú iye owó, inú àdéhùn iṣẹ́ ni ó wà. Ẹni tí kò bá mọ irú àdéhùn tí òun bá wọ ẹnu géètì ilé-iṣẹ́, kì yóò mọ ìdí tí àfikún owó fi ń gba orí òun kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Sùúrà Al-Qasas, láti áàyà 23 títí dé 28, nítorí pé àdéhùn iṣẹ́ tó ṣe kedere wà níbẹ̀. Ànábì Mùsá sá kúrò ní Íjíbítì, ó dé Mádíyánà láìlówó lọ́wọ́, láìní ará tàbí ọ̀rẹ́. Ó bá àwọn ọmọbìnrin méjì fún ẹran wọn lómi, kò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Bàbá wọn ránṣẹ́ pè é kí ó lè san ẹ̀san iṣẹ́ omi náà fún un. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: iṣẹ́ tó ti kọjá ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ san owó rẹ̀, kí wọ́n tó sọ ti iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ni ó wá dámọ̀ràn pé kí bàbá òun gbà á síṣẹ́, nítorí pé ó lágbára, ó sì ṣeé fọkàn tán. (Ẹ̀yin arábìnrin wa, obìnrin ni ó sọ ìlànà ìgbanisíṣẹ́ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kò kàn yín.) Bàbá náà sì la àdéhùn sílẹ̀: ọdún mẹ́jọ ni, bí Mùsá bá fẹ́ sọ ọ́ di mẹ́wàá, ọwọ́ rẹ̀ ni ó kù sí, ó sọ ohun tí Mùsá yóò gbà, ó sì ní òun kò fẹ́ ni ín lára.

Ìsáǹsá ni Mùsá nígbà náà, ebi sì ń pa á. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ ì bá kàn máa fún un ní oúnjẹ, kí ó sì máa lò ó lọ. Agbanisíṣẹ́ yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dárúkọ àkókò, tí ó dárúkọ ẹ̀san, tí ó sọ ibi tí iṣẹ́ mọ, kí ọmọ-iṣẹ́ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Èyí ni a fẹ́ kí ẹ dì mú bí a ṣe ń bọ̀ wá sí Èkó.

Àwọn onímọ̀ fíkíhì ń pe irú àdéhùn yìí ní Ìjárà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka Rìsálà ti Ibn Abi Zayd al-Qayrawani, ìwé Màlíkí tí ọ̀pọ̀ ilé-kéwú wa ń lò, ẹ ó rántí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní orí tí ó sọ̀rọ̀ nípa kárà-kátà. Ìjárà tọ́ bí àkókò bá ní òpin tí wọ́n sì dárúkọ owó. Ó ya Jú'lu sọ́tọ̀. Jú'lu ni iṣẹ́ tí a fi owó lé lórí pé ẹni tó bá parí rẹ̀ ni yóò gbà á, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lọ bá ni wá ẹran tó sọnù. A kì í dá àkókò fún un, ẹni tí kò bá sì parí rẹ̀ kò ní gba kọ́bọ̀. Bí ènìyàn bá sì ti ṣiṣẹ́ Ìjárà tán láìjẹ́ pé wọ́n dárúkọ owó ńkọ́? Iye tí wọ́n ń san fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò náà ni ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ẹ wá wo ẹnu géètì ní Àpápá. Òṣìṣẹ́ tí ó ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́, Ìjárà ni tirẹ̀. Ọkùnrin mẹ́fà tí wọ́n dá owó kan lé pé kí wọ́n já kọ̀ntínà kan tán, Jú'lu ni tiwọn. Àárín méjèèjì ni ìdààmú wà, níbi tí àwọn tí à ń pè ní káṣúà dúró sí. Wọ́n ń wọlé láago méje bí òṣìṣẹ́, wọ́n ń gba àṣẹ fọ́manù bí òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní lẹ́tà, àkókò wọn kò ní òpin, kọ́ńtírákítọ̀ tí ó kó wọn wá sì ti yọ tirẹ̀ kí owó tó dé ọwọ́ wọn. Ọmọ kéwú wa kan ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ilé-iṣẹ́ kan fún ọdún mẹ́ta, kò sì lè sọ fún wa títí di òní bóyá ilé-iṣẹ́ náà ni ó gbà á síṣẹ́ ni tàbí kọ́ńtírákítọ̀.

Ìjàkadì owó ọ̀yà ti pẹ́ ní Èkó. Lákòókò ogun àgbáyé kejì, ọjà gbówó lórí, owó òṣìṣẹ́ ìjọba kò sì bá a lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ 17 yan iṣẹ́ lódì. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí Michael Imoudu jẹ́ aṣáájú wọn wà níwájú, ó sì lé ní 40 ọjọ́ tí àwọn kan nínú wọn kò fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí wọ́n béèrè ni àfikún ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó kólà, ìyẹn owó ìrànwọ́ nítorí ọ̀wọ́n ọjà. Wọ́n rí i gbà ní ọdún 1946. Ní ọdún 1964 ó tún ṣẹlẹ̀. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Adeyinka Morgan dámọ̀ràn £12 lóṣù fún òṣìṣẹ́ tó kéré jù ní Èkó, ìjọba ní òun kò lè san tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ dúró káàkiri orílẹ̀-èdè fún ọjọ́ 13, wọ́n sì fi orí rẹ̀ tì sí £10.

Lẹ́yìn náà ni Udoji dé. Àwọn òbí yín yóò lè sọ ìtàn rẹ̀. Orúkọ Olóyè Jerome Udoji tí ó ṣe alága ìgbìmọ̀ owó-oṣù ni, ṣùgbọ́n ó di orúkọ owó náà fúnra rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, owó-oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba tó kéré jù di náírà 60, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ oṣù tó ti kọjá papọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìgboro kún fún owó. Ọjà náà gbéra. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni bẹ̀rẹ̀ sí í yan iṣẹ́ lódì kí Udoji tiwọn náà lè dé, nítorí pé ẹni tí kò gba Udoji ń ra gààrí ní iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó gbà á.

Láti ìgbà náà ni iye owó yìí ti ń gòkè: náírà 125 ní ọdún 1981, 250 ní 1991, 5,500 ní 2000 (ìjọba àpapọ̀ san 7,500 fún àwọn tirẹ̀), 18,000 ní 2011, 30,000 ní 2019, 70,000 ní 2024. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà lásán yóò rò pé òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ti di ọlọ́lá. Àmọ́ ní ọdún 1981, náírà lágbára ju dọ́là lọ, náírà 125 yẹn sì tó nǹkan bí dọ́là 200. Ní ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lu 70,000, kò tó dọ́là 50. Àjọ oníṣirò orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ sọ pé láàárín oṣù kẹfà ọdún 2023 sí oṣù kẹfà ọdún 2024, owó oúnjẹ fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè. Ìyẹn ni pé oúnjẹ tí ìyá rẹ rà ní náírà 1,000 ti di 1,400 kí ọdún tó yí po. Ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà wọn láti 615,000, tí wọ́n fi ti orílẹ̀-èdè pa ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 2024, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí 250,000, kí wọ́n sì tó gba 70,000 níkẹyìn.

Ní ojú tiwa, 70,000 kọ́ ni ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú òfin 2024. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọn yóò máa tún iye náà gbé yẹ̀ wò báyìí, dípò ọdún márùn-ún tí òfin 2019 sọ. Owó-oṣù tí ó dúró sójú kan fún ọdún márùn-ún nígbà tí ọjà kò dúró fún oṣù kan, bí ẹni ń da omi sínú agbọ̀n ni.

Àwọn kan lè béèrè pé ǹjẹ́ ó tọ́ nínú Ìsìláàmù kí aláṣẹ máa dá iye lé owó ọ̀yà? Àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ ń tọ́ka sí bí Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe kọ̀ láti dá iye lé ọjà nígbà tí ọjà wọ́n ní Mọ̀dínà. Ṣùgbọ́n Ibn Taymiyya, tí ó kú ní ọdún 1328, sọ nínú ìwé rẹ̀ lórí Al-Hísíbà pé bí àwọn ènìyàn bá nílò iṣẹ́ kan, aláṣẹ lè fi owó ọ̀yà rẹ̀ sí iye tó yẹ, kí oníṣẹ́ má baà fi ìyà jẹ ará ìlú, kí ará ìlú má sì fi ìyà jẹ oníṣẹ́. Àwa tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ìkejì, nítorí pé ẹni tí ebi ń pa lẹ́nu géètì kò sí ní ipò tí ó fi lè dúnàádúrà.

Ó wá ku ìbéèrè àwọn ọmọ kéwú wa. Ta ni òfin owó-oṣù yìí ń bá wí? Òfin 2019 sọ pé ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ìdajì àkókò kò sí níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń fi kọmíṣọ̀n san owó fún, tàbí tí wọ́n ń ka iye iṣẹ́ tó parí fún, kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ ìgbà-dé-ìgbà bíi iṣẹ́ oko kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ rí i pé àwọn oní-Jú'lu wa lórí kọ̀ntínà ti bọ́ síta nìyẹn. Télọ̀ tó ní ọmọ-iṣẹ́ mẹ́rin ní Tolú, òfin kò dè é. Kọ́ńtírákítọ̀ tó bá sì pín àwọn ènìyàn rẹ̀ sí ogún-ogún lórúkọ ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti mọ ohun tí òun ń ṣe.

Ihò mìíràn tún wà. Òfin iṣẹ́ ti Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1974, ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orúkọ agbanisíṣẹ́, irú iṣẹ́, iye owó àti ìgbà tí wọn yóò máa san án, gbogbo rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé náà. Òfin dáadáa ni. Ohun tí àwọn aláìṣòótọ́ ń ṣe ni pé bí oṣù mẹ́ta bá kù díẹ̀ kó pé, wọ́n á ní kí káṣúà lọ sinmi nílé fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á sì tún pè é padà bí ẹni tuntun. Ènìyàn lè ṣe báyìí fún ọdún márùn-ún, kí ó sì jẹ́ pé nínú ìwé, kò ṣiṣẹ́ rí ju oṣù méjì àti ààbọ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin kan náà sọ pé ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún, ìkìlọ̀ oṣù kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un kí wọ́n tó dá a dúró. Ẹni tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ìkìlọ̀ ọjọ́ kan péré ni.

Ẹ̀yin arábìnrin ni ihò yìí ń gbé mì jù. Òfin náà fún obìnrin tó bímọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ti pé oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, owó tí wọn yóò máa san fún un kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdajì owó rẹ̀. Nígbà tó bá padà, ó ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí wọ́n ń lé lọ sílé kí oṣù mẹ́ta tó pé yóò ṣe pé oṣù mẹ́fà láéláé? Àwọn ọmọbìnrin tí ń di bísíkíìtì àti ọṣẹ sínú páálí, tí iṣẹ́ wọn bọ́ nígbà tí oyún hàn lára wọn, kò sí ẹni tí yóò kọ orúkọ wọn sínú ìwé pé wọ́n lé wọn. Wọn kàn kò ní pè wọ́n padà ni.

Àwọn oníṣẹ́ wọ́ọ̀fù mọ ọ̀nà kan tí àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké kò tíì mọ̀. Láyé àtijọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣa ènìyàn níbẹ̀, ẹni tí olórí ẹgbẹ́ bá na ìka sí ni yóò wọlé. Nígbà tí ìjọba fi àwọn èbúté fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni láti máa bójú tó láti ọdún 2006, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ Nigerian Ports Authority ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ọ̀pọ̀ ilé ní Ajégúnlẹ̀ ni ó sì mọ̀ ọ́n lára. Síbẹ̀, àwọn tó ṣẹ́kù ní ẹgbẹ́. Maritime Workers Union of Nigeria ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ tó gba èbúté jókòó ní ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní National Joint Industrial Council, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹnu kò lórí iye tí wọn yóò san fún gbogbo dọ́kà, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Àdéhùn irú èyí máa ń tètè dé ju òfin owó-oṣù lọ, ó sì lè ga jù ú lọ. Òfin Nàìjíríà sọ pé kò sí agbanisíṣẹ́ tó lè fi kíkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ṣe àdéhùn iṣẹ́. Òfin tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2005 sì sọ pé kò sí ẹni tí wọn yóò fi ipá mú wọ ẹgbẹ́. Àwọn arákùnrin kan máa ń sọ fún wa pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ ayé ni. Owó oúnjẹ ọmọ wọn ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè fò dá. Nínú hàdíìsì tí Al-Bukhari gbà wá, Ọlọ́hun dárúkọ ènìyàn mẹ́ta tí Òun fúnra Rẹ̀ yóò bá ṣẹjọ́ ní Ọjọ́ Ìgbéǹde, ọ̀kan nínú wọn sì ni ẹni tó lo alágbàṣe dé òpin tí kò san owó rẹ̀. A máa ń ka èyí sí àwọn òyìnbó àti àwọn Ṣáínà tó ní ilé-iṣẹ́ létí. Ṣùgbọ́n ilé-kéwú wa mélòó ni ó ń san owó olùkọ́ ní oṣooṣù? Úsítáàsì tó kàwé ọdún mẹ́jọ, tí ń kọ́ ọgọ́ta ọmọ láti aago mẹ́rin títí di Màgíríbì, "lọ́lá Ọlọ́hun" ni wọ́n ń sọ fún un ní òpin oṣù, tàbí kí wọ́n fún un ní ohun tó bá wọlé ní Jímọ́ọ̀. Àwọn olùkọ́ ilé-kéwú kò tó 25, nítorí náà òfin 2019 kò mú ẹni tó ni ilé-kéwú. Ìjárà mú un. Bákan náà ni Àlhájà tó gba ọmọdébìnrin sílé, tó ní òun yóò rán an ní iṣẹ́ aṣọ lọ́jọ́ kan ṣáá, tí kò sọ ọjọ́ náà.

Kí ni kí ẹ ṣe, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Àpápá lọ́la? Kí ẹ tó wọlé, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó gbà yín síṣẹ́ gan-an, bóyá ilé-iṣẹ́ ni tàbí kọ́ńtírákítọ̀. Ẹ béèrè iye owó, ọjọ́ tí wọn yóò san án, àti iye tí ẹnikẹ́ni yóò yọ nínú rẹ̀. Òfin kò gbà kí ohun tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù kan ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ẹni tí a bá fún ní èsì burúkú nítorí ìbéèrè yìí ti mọ irú ibi tó fẹ́ wọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ gé ọ níka, tàbí ẹrù já lù ọ́, má ṣe gbà fún ẹni tó bá sọ pé káṣúà kò ní ẹ̀tọ́. Òfin ọdún 2010 lórí owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tó fara pa dárúkọ káṣúà pàápàá mọ́ àwọn tí ó ń bá wí. Ilé-iṣẹ́ ni ó ń dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó-oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò NSITF fún èyí, wọn kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nínú owó tìrẹ. Láàárín ọjọ́ 14 ni kí o ti sọ fún agbanisíṣẹ́ rẹ tàbí ọ̀gá ibi iṣẹ́, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀.

Fún owó tí wọ́n kọ̀ láti san, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó máa ń pe agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ jókòó láìgba kọ́bọ̀. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ, ilé-ẹjọ́ National Industrial Court wà ní Ìkòyí. Ibi méjèèjì ni wọn yóò ti béèrè ẹ̀rí. Áàyà tó gùn jù lọ nínú Al-Kùránì, áàyà 282 nínú Sùúrà Al-Baqara, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó dá, owó ọ̀yà tí wọn kò tíì san sì jẹ́ gbèsè lọ́rùn ẹni tó jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ ṣiṣẹ́ sínú rẹ̀, iye wákàtí, iye owó tí ẹ gbà, ọjọ́ tí ẹ gbà á, àti orúkọ fọ́manù tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Èdè Yorùbá ni ẹ lè fi kọ ọ́, tàbí kí ẹ fi Àjàmí kọ ọ́ bí ọwọ́ yín bá yá síyẹn jù.